Ọrùn Tó Ń Ro Àwọn Ọ̀dọ́ Computer Village: Nígbà Tí Òpó Ẹ̀jẹ̀ Bá Ya Láti Inú

Ẹni tó bá gba abẹ́ bíríìjì Ìkẹjà wọ Computer Village láàárọ̀ yóò rí wọn: àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́yìn tábìlì kékeré ní òpópónà Ọ̀tígbà, ní Ọlá Ayẹ́ni àti ní Medical Road, tí wọ́n tẹ orí ba sórí fóònù tí wọ́n tú palẹ̀. Wọn kì í gbé orí sókè àfi tí oníbàárà bá dé. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ohun tí ìyàwó tàbí ìyá ń gbọ́ lẹ́nu wọn nílé ni pé, "Ọrùn ń ro mí." Wọ́n á fi róòbù pa á, wọ́n á lo paracetamol méjì, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú irú ọrùn ríro báyìí kò ju iṣan tó ti rẹ̀ lọ. A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àpilẹ̀kọ yìí tán kí àyà rẹ̀ wá máa já nítorí ọrùn tó gan. Ṣùgbọ́n irú kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe ti iṣan rárá. Òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ ló ya láti inú, láìsí pé ọkọ̀ gbá ẹni náà, láìsí pé ó ṣubú. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tó sábà máa ń mú ni ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ìyẹn gan-an àwọn tó kún ọjà yẹn.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Àìsàn yìí ṣeé tọ́jú, ìrètí rẹ̀ sì dára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ohun méjì ló ń ba ìrètí náà jẹ́ láàárín wa: wákàtí tí a fi ṣòfò kí a tó dé ilé ìwòsàn, àti owó tí kò sí nílẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀.

Kí ló ń ya?

Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá mẹ́rin ló gba ọrùn lọ sí ọpọlọ. Méjì wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun yín díẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń lù. Àwọn dókítà ń pè wọ́n ní carotid. Méjì yòókù wà lẹ́yìn, wọ́n gba inú ihò egungun ọrùn kọjá. Vertebral ni orúkọ wọn. Ara òpó kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ra. Bí ìpele inú bá ya, ẹ̀jẹ̀ á gba ojú ibẹ̀ wọ àárín ìpele kan sí èkejì, á kó jọ síbẹ̀, ara òpó á wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á sì fún. Ẹ̀jẹ̀ tún lè dì sójú ibi tó ya, kí ègé rẹ̀ kan já, kí ó bá ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lọ sókè, kí ó lọ dí òpó kékeré kan nínú ọpọlọ. Ibẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó ń tún fóònù ṣe mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Okùn ṣájà kan lè máa dán lójú, kí wáyà inú rẹ̀ sì ti já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọrùn yìí: kò ní ọgbẹ́, kò bó, ọwọ́ tó ń fi róòbù pa á kò sì lè mọ̀ pé nǹkan ya nínú rẹ̀. Cervical artery dissection ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é. Ó dára kí ẹbí mọ orúkọ náà, kí wọ́n lè béèrè nípa rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Ta ni ó ń ṣe?

Ní àwọn ìlú tí wọ́n ti kà á dáadáa ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú 100,000 ló ń ní in lọ́dún kan. Nínú gbogbo rọpárọsẹ̀, kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ àwọn àgbàlagbà kúrò, tí a wo rọpárọsẹ̀ tó ń ṣe àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó wà láàárín ọjọ́ orí nìkan, iye náà ń fò sókè: ó lè tó ẹnì kan nínú márùn-ún. Àwọn tó ń mú jù wà ní nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta. Ìyẹn ni bàbá tó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ, àti ọ̀gá tó ṣì ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé ti òyìnbó nìkan ni rọpárọsẹ̀ ọ̀dọ́. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, yẹ àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Gánà, èsì rẹ̀ sì jáde nínú Lancet Global Health ní ọdún 2018. Àwọn aláìsàn 2118 ló wà nínú rẹ̀. Ó ju 500 nínú wọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju àádọ́ta lọ, ìyẹn nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ nínú ìwádìí náà. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń ṣòwò ní Computer Village ní láti mọ iye ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ kó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Òpó tó ya jẹ́ apá kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òun ni apá tó lè mú ẹni tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò ní ìtọ̀ súgà, tí kì í mu sìgá, tí gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé ara rẹ̀ le.

Kí ló ń fà á?

Àwọn kan ní awọ òpó ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára tó láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dá kún un. Àwọn tí túúlu máa ń dà láàmú ní in ju àwọn yòókù lọ. Ó lè tẹ̀lé àìsàn bí òtútù àyà tàbí ikọ́ líle tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ náà lè ní in ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Bí ó bá ní ẹ̀fọ́rí tàbí ọrùn ríro tí irú rẹ̀ kò ṣe é rí, ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sórí wàhálà ìrọbí.

Lórí gbogbo èyí, nǹkan kékeré lè jẹ́ sábàbí: kí ènìyàn sín gan-an, kí ó húkọ́ gidi, kí ó gbé ẹrù wúwo lójijì, tàbí kí ó yí ọrùn pẹ̀lú agbára. Nígbà mìíràn, a kò ní rí sábàbí kankan.

Ṣé títẹ orí ba sórí fóònù ló ń fà á? Rárá. Kò sí ẹ̀rí tó fi hàn pé ó ń ya òpó ẹ̀jẹ̀. Ó ń mú kí iṣan ro, ìyẹn sì ni ewu rẹ̀: ọrùn tó ti ń ro lójoojúmọ́ lè bo èyí tó jẹ́ tuntun mọ́lẹ̀, kí ẹni náà má mọ̀ pé èyí yàtọ̀.

Ohun tó yẹ kí a fi sílẹ̀ ni kí onígbàjámọ̀ tàbí ọ̀rẹ́ kan máa di orí wa mú, kí ó yí i lójijì kí ọrùn lè dún. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, American Heart Association, gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2014. Wọ́n ní àjọṣe wà láàárín yíyí ọrùn báyìí àti òpó tó ya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn láti fi hàn pé yíyí náà ló fà á, nítorí pé ọrùn tó ti ya tẹ́lẹ̀ ló lè gbé ẹlòmíràn lọ bá ẹni tí yóò yí i. Bó wù kó rí, ọrùn tó ń ro kì í ṣe ohun tí a ń yí fún ìgbádùn.

Àwọn àmì tó yàtọ̀

Ìrora rẹ̀ sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ̀gbẹ́ kan ọrùn, ẹ̀yìn orí, tàbí ẹ̀yìn ojú àti etí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lójijì, ó sì lè rọra máa le sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé, "Irú èyí kò ṣe mí rí." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Bí òpó iwájú bá ya, ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ náà lè rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí ọmọlójú rẹ̀ sì kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ẹni náà lè máa gbọ́ ìró kan nínú etí kan tó ń lù bí ọkàn ṣe ń lù. Bí ó bá jẹ́ òpó ẹ̀yìn, òòyì á máa kọ́ ọ, á máa ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ bí ó bá dìde, á lè rí nǹkan kan ní méjì, oúnjẹ sì lè ṣòro láti gbé mì.

Rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àmì tirẹ̀ tí gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ lójijì, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ tàbí tí kò jáde, ojú tó ṣú lójijì. Ó lè dé láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó dé. Àwọn ọjọ́ àárín yẹn ni àyè tí Ọlọ́hun fi sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn nínú wọn lè má rí rọpárọsẹ̀ náà rárá.

Wákàtí tí a fi ń ṣòfò

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Bí àgbàlagbà bá ní rọpárọsẹ̀, a máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún bá wó lulẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí a kọ́kọ́ ń sọ ni pé ẹnì kan fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Níbi tí ìdíje ọjà ti gbóná, tí ṣọ́ọ̀bù fara kan ṣọ́ọ̀bù, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ràn. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tú àsàsí, wọ́n á wá omi àdúà, wọ́n á fi ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ sí i.

A kò sọ pé kí Mùsùlùmí má ṣe àdúà. Àdúà ni ohun ìjà wa, kíka Kùránì lé aláìsàn lórí sì wà nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí a wá ìwòsàn, kò sì sọ pé kí a fi ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́. A lè máa ṣe àdúà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá sì jẹ́ àlùfáà àdúgbò ni ẹ kọ́kọ́ pè, àlùfáà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí tó bá sọ pé, "Ẹ gbé e lọ sọ́sípítù ná, mò ń bọ̀ níbẹ̀."

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ wákàtí nìyí. Oògùn kan wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí àmì bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn, ó sì di ẹ̀yìn ìgbà tí àwòrán CT bá ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò ya sínú ọpọlọ. Nítorí èyí kan náà, ẹ má ṣe ra aspirin ní kẹ́míìsì fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́. Òótọ́ ni pé aspirin wà lára oògùn àìsàn yìí, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ya sínú ọpọlọ, ó lè mú un burú sí i. Àwòrán ló ń sọ èyí tí ó jẹ́. Kí wọ́n tó rí òpó ọrùn fúnra rẹ̀, àwòrán CT tàbí MRI tó ń tọ òpó ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi hàn wọ́n.

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, wà ní òpópónà Ọba Akínjọbí ní Ìkẹjà níbẹ̀, kò jìnnà sí Computer Village. Nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767. Ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sí lára ògiri? Nínú ọjà tí fóònù pọ̀ jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa wá nọ́ńbà tí yóò pè.

Kí ni ìrètí?

Ìròyìn ayọ̀ wà níbí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òpó tó ya ń san fúnra rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ohun tí dókítà ń ṣe ni pé kí ó dá ẹ̀jẹ̀ dúró kó má dì títí ara yóò fi tún ara rẹ̀ ṣe. Oògùn tó ń ṣe èyí oríṣi méjì ni: irú aspirin, àti èyí tó lágbára jù ú lọ. Ìwádìí CADISS tí wọ́n ṣe ní Bìrìtìkó àti Ọsirélíà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi méjèèjì wéra lára ènìyàn 250. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni mẹ́rin péré ló tún ní rọpárọsẹ̀, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ tó dájú láàárín oògùn méjèèjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ẹbí tí kò lówó púpọ̀ kò kéré: fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, oògùn tí kò wọ́n lè ṣe iṣẹ́ náà, bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, tí aláìsàn kò sì dá a dúró fúnra rẹ̀.

Lápapọ̀, nǹkan bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń padà sí ìgbé-ayé tí wọ́n lè dá ṣe fúnra wọn. Àwọn tó ń kú kò tó 5 nínú 100. Ṣé ó lè padà wá? Nílé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé ènìyàn 200 fún ọdún púpọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1994: nǹkan bí 2 nínú 100 ló tún ní in nínú oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó wálẹ̀ sí nǹkan bí ẹnì kan nínú 100 lọ́dún kan. Ẹ̀rù oṣù àkọ́kọ́ ló pọ̀. Ẹni tó bá ti kọjá rẹ̀ lè máa bá ayé rẹ̀ lọ láìfi ìbẹ̀rù sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ibi tí àwòrán wà nítòsí, tí oògùn wà, tí aláìsàn kò sì kọ́kọ́ wá owó kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò ni àwọn nọ́ńbà yìí ti wá. Bí a bá fẹ́ irú èsì bẹ́ẹ̀, a ní láti ní irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Owó àti ọjà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní Computer Village kò ní agbanisíṣẹ́. Ọjọ́ tí wọn kò bá jókòó sídìí tábìlì, owó kò wọlé. Ẹni tí òpó ọrùn rẹ̀ ya kò gbọ́dọ̀ gbé ẹrù wúwo fún oṣù mélòó kan. Ta ni yóò máa gbé páálí kọ̀ǹpútà? Ta ni yóò san owó ṣọ́ọ̀bù?

Òfin ìbánigbófò ìlera ti orílẹ̀-èdè di òfin ní ọdún 2022. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a mọ̀ sí Ìlera Èkó, di dandan fún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà. Oníṣòwò tí kò ní agbanisíṣẹ́ lè forúkọ ara rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó san owó, ẹ bi wọ́n léèrè tààrà: ṣé ìtọ́jú pàjáwìrì wà nínú rẹ̀? Ṣé àwòrán CT wà níbẹ̀? Ilé ìwòsàn wo ni màá lọ? Bí ẹgbẹ́ àjọ kan bá lè dá owó jọ fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, ó lè dá owó ìlera ọmọ ẹgbẹ́ jọ pẹ̀lú. Ọ̀gá tó gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tó bá gbà á.

Ó tún kan ọ̀rọ̀ ìkólọ. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ pé ọjà náà yóò kó lọ sí Katangowa, lágbègbè Agbádó Òkè-Odò. Àríyànjiyàn tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ nípa ṣọ́ọ̀bù, owó àti ẹni tí yóò ní ilẹ̀. A kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí aláìsàn yóò gbà dé ilé ìwòsàn. Ọjà tó bá fi Ìkẹjà sílẹ̀ fi LASUTH sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn olórí ọjà yẹ kó béèrè fún ilé ìtọ́jú pàjáwìrì àti ọkọ̀ aláìsàn nínú àdéhùn náà, kí wọ́n tó béèrè fún ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Lẹ́yìn ìtọ́jú

Bí aláìsàn bá padà sílé, kó máa lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ, kó padà lọ ya àwòrán kejì nígbà tí wọ́n bá dá fún un, kó sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ má ṣe fi àgbo kún oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì láìsọ fún dókítà. Bí dókítà bá ní kó má tẹ orí ba fún ìgbà díẹ̀, kó jókòó kírun, kó sì tẹ orí níwọ̀nba. Ẹ̀sìn ti fún aláìsàn ní ìrọ̀rùn yẹn. Bí ààwẹ̀ bá dé nígbà tí oògùn rẹ̀ ní wákàtí tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, kó bi dókítà àti àlùfáà rẹ̀. Aláìsàn lè san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Ní alẹ́ òní, bí ọmọ tàbí ọkọ yín bá ti ọjà dé, tó ní ọrùn ń ro òun, ẹ bi í ní ìbéèrè kan kí ẹ tó mú róòbù: "Ṣé bó ṣe máa ń ro ẹ́ náà ni?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa á. Bí ó bá ní rárá, irú èyí kò ṣe òun rí, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì gbéra. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa, kó sì fún wọn ní àláfíà.